Pèpéle pákó lẹ́yìn ilé: ìdí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá káfíńtà, okun o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Kábà ni mò ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé mi dà gẹ̀ẹ́rẹ́, bí òjò bá sì ti rọ̀, ẹrọ̀fọ̀ kì í jẹ́ ká gbé àga síta. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kan pèpéle pákó síbẹ̀, fíìtì 12 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀, kí èmi àti ìyá àwọn ọmọ máa gba atẹ́gùn níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. N kò kan nǹkan kan rí ju àpótí ìjókòó lọ. Ṣé mo lè dá a ṣe? Báwo ni n ó sì ṣe ti ikán?

ÌDÁHÙN: Tíṣà wa, okun o. Ẹ lè ṣe é, bí ẹ bá ti rí ọmọkùnrin kan tí yóò máa bá yín di pákó mú. Kíkàn kì í ṣe wàhálà. Ibi tẹ́ ẹ parí ìbéèrè yín sí ni kí á ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ẹ̀ tí mo kọ́kọ́ kàn, fún ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìsánlú, òpó igi ni mo rì mọ́lẹ̀, mo wá da kọnkéré yí i ká. Inú mi dùn sí ara mi. Àṣé kọnkéré yẹn ti di ife tó ń gba omi òjò sí ìdí igi. Nígbà tó di ọdún kejì, mo fi ìka ti ìdí òpó kan, ìka wọlé ṣìnkìn. Lókè, pákó ṣì ń dán.

Nítorí náà, kí igi kankan má fara kan ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò 9, ọ̀wọ́ mẹ́ta, mẹ́ta-mẹ́ta: fíìtì 6 láàárín ara wọn lápá gígùn, 5 lápá fífẹ̀. Kí ihò jìn tó ínṣì 18. Bí ṣọ́bìrì bá kan àpáta, ilé wa kúkú nìyí, ẹ fọ ojú rẹ̀ mọ́ kí ẹ sì gbé kọnkéré lé e. Sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Ẹ to búlọ́ọ̀kù oníhò lé e, ẹ ki ọ̀pá irin bọ inú rẹ̀, kí ẹ da kọnkéré kún un. Kí òpó búlọ́ọ̀kù tó kúrú jù yọ lókè ilẹ̀ ní ínṣì 18, kí ìgbálẹ̀ àti ojú lè dé abẹ́ ibẹ̀. Rọ́bà olómi táwọn bíríkìlà ń lò ni kí ẹ fi wo bí orí wọn ṣe dọ́gba. Ní ti igun, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ ní ìṣirò: ẹ wọn fíìtì 6 sí ẹ̀gbẹ́ kan, 8 sí èkejì; bí ìdábùú láàárín orí méjèèjì bá jẹ́ 10, igun náà gún.

Kí igi tó bọ́ sórí òpó, ẹ gé páànù tó fẹ̀ ju orí òpó lọ ní ínṣì méjì yíká, ẹ tẹ etí rẹ̀ wálẹ̀ bí àkẹtẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà dúdú dí ibi tí irin gbà yọ. Páànù kò ní pa ikán. Ṣùgbọ́n ikán kò ní lè gba inú òpó yọ́ wọlé mọ́. Yóò ní láti mọ ọ̀nà alámọ̀ rẹ̀ sí gbangba, ẹ ó sì rí i. Ẹ fi àlàfo ínṣì mẹ́rin sílẹ̀ sí ara ògiri ilé. Ikán tó bá jẹ pèpéle tán, fèrèsé ló kàn.

Igi ńkọ́? Apá tàbí ìrókò. Arère rọ ọwọ́, kò sì wọ́n, àmọ́ oúnjẹ ikán ni. Bó ti wù kí igi dára tó, etí funfun ara rẹ̀ kò ní láyé. Ẹ kọ̀ ọ́ ní sọ́ọ̀mìlì. Ẹ mú téépù lọ, nítorí 2 by 4 mìíràn kò pé méjì, kò pé mẹ́rin. Bí ẹ bá ń gé ìrókò, ẹ fi aṣọ bo imú.

Ẹ so 2 by 6 méjì-méjì pọ̀ lórí ọ̀wọ́ òpó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi orí ọ̀pá irin yẹn dè é. Ẹ dábùú 2 by 4 lé wọn, ínṣì 16 láàárín. Pákó fíìtì 12 ni wọ́n sábà ń tà, yóò bo gígùn yín láìsí oríkèé. Bí pákó bá ti gbẹ, kí àlàfo àárín wọn ṣe déédéé bí ìṣó ínṣì mẹ́rin kan ṣe nípọn tó. Bí ó bá tutù, ẹ fún wọn pọ̀, wọn ó ya fúnra wọn. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Skúrù ni kí ẹ lò, ẹ sì kọ́kọ́ lu ihò, torí apá máa ń là. Oòrùn a máa fa ìṣó yọ, ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ fi Solignum, oògùn igi tó ń lé ikán, kun igi kí ẹ tó tò ó, ẹ jẹ́ kí orí ibi tí ẹ gé mu ún yó. Ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú tí àwọn kan ń fi kun igi, n kò fẹ́ ẹ níbi tí èèyàn yóò jókòó sí. Aṣọ funfun kan ló máa gbà kí ìyàwó yín tó lé yín kúrò níbẹ̀.

Ìhà ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, bí ó bá ga ju ínṣì 30 lọ, ẹ kan igi ìdáàbòbò sí i. Lẹ́yìn náà, lóṣooṣù, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo òpó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Bí ẹ bá rí ìlà amọ̀ tó ń gòkè, ẹ ha á dànù, kí ẹ wá ibi tó ti ń bọ̀.