Ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì láìfẹnu kan ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà: kí ni ìdí rẹ̀, báwo la sì ṣe ń ṣe é?

Ìbéèrè náà ni pé: lágbègbè Abẹ́òkúta níbí, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ máa ń yẹra fún ẹran ní Lẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹja, wọ́n ń jẹ ẹyin. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní ohunkóhun tó bá ti ara ẹranko wá làwọn ò ní fẹnu kàn, pé àánú ẹranko wà nínú ààwẹ̀. Ṣé àṣà ìjọ ni àbí àṣà tuntun? Báwo lèèyàn sì ṣe máa se ọbẹ̀ tó máa ṣe é jẹ?

Ọ̀rọ̀ méjì ló wọnú ara wọn níbẹ̀. Kéèyàn pa ẹran, ẹyin àti wàrà tì látìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ǹtì dópin, àṣà àtijọ́ ni. Kó jẹ́ pé àánú ẹranko ló fà á, ìyẹn ò sí nínú òfin ìjọ kankan tí à ń tẹ̀ lé níbí. Ẹni tó ń ṣe é ló fi kún un, kò sì ṣẹ̀.

Láyé Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn Àgùdà kan, ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ìjọ Àgùdà kì í jẹ ẹran, ẹyin àti wàrà ní Lẹ́ǹtì. Àlàyé tó ṣe ni pé àwọn oúnjẹ yìí máa ń dùn mọ́ni lẹ́nu ju ìyókù lọ. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni wọ́n ń wá nígbà náà, kì í ṣe ire màlúù. Títí dòní, àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ilẹ̀ Ethiópíà ń fi ọjọ́ 55 gbààwẹ̀ ńlá wọn láìjẹ ẹran, láìmu wàrà, láìjẹ ẹyin. Ìjọ Àgùdà ló dẹ tiẹ̀. Lọ́dún 1966, Póòpù Paul kẹfà fi òfin tuntun lélẹ̀. Lóde òní, Ọjọ́rú Eléérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere ni ọjọ́ ààwẹ̀ fún ẹni tó ti pé ọdún 18 títí dé 59, ẹni tó ti pé 14 kì í jẹ ẹran ní ọjọ́ méjèèjì yìí àti gbogbo ọjọ́ Ẹtì Lẹ́ǹtì. Ẹyin, wàrà, kódà ọ̀rá ẹran tí wọ́n fi dá adùn sí oúnjẹ, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ní ti Áńgílíkà, tí àwọn míṣọ́nnárì Townsend àti Samuel Ajayi Crowther gbé dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, Ìwé Àdúrà wọn ka ogójì ọjọ́ Lẹ́ǹtì mọ́ ọjọ́ ààwẹ̀, àmọ́ kò dárúkọ oúnjẹ kankan. Ẹni tó bá jẹ ẹyin l'Áké kò rú òfin.

Ẹja ni tèmi ò yé mi. Òfin gbà á, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá fún ẹran lọ́jọ́ Ẹtì tó wá lọ ra ẹja àrọ̀ tútù tó wọ́n ju ẹran lọ, kí ló fi du ara rẹ̀?

Ní ti àánú, Bíbélì fún yín lẹ́sẹ̀ tẹ́ ẹ máa dúró lé. Jẹ́nẹ́sísì 1:29 sí 30 fi ewéko àti èso ṣe oúnjẹ èèyàn àti ẹranko. Òwe 12:10 sọ pé olódodo a máa ro ti ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Àwọn àgbà wa náà ní ẹni tó bá máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fi gún, kó lè mọ bó ṣe ń dùn ún tó. Wọ́n sábà máa ń pa á fún ẹni tó ń ni ẹlòmíì lára, ṣùgbọ́n ẹyẹ ni wọ́n dárúkọ, ẹyẹ náà sì ni wọ́n gbà pé ó ń mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ rántí pé láti Ọjọ́rú Eléérú dé ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ 46 ni. Àwọn ọjọ́ Àìkú mẹ́fà tí wọn ò kà ló sọ ọ́ di 40. Àwọn kan máa ń jẹ ẹran lọ́jọ́ Àìkú. Òfin ò dí wọn lọ́wọ́, àmọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ ewéko nìkan á ṣe é pẹ̀lú ìrọ̀rùn tí kò bá dá a dúró.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ilé ìdáná. Edé ló kọ́kọ́ ń dani: ó máa ń wà nínú ewédú, nínú gbẹ̀gìrì, nínú mọ́ínmọ́ín, èèyàn ò sì ní kà á sí ẹran. Magí tó ní adùn adìẹ tẹ̀ lé e. Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Mílò ní wàrà nínú, ọ̀pọ̀ búrẹ́dì náà ní. Alákàrà tó ń din ẹja nínú epo kan náà, ẹ bi í kẹ́ ẹ tó rà.

Tí ẹ bá yọ omi ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, ata tí kò jiná tó á hàn síta, torí omi ẹran ló ń bo kíkan rẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fún ẹ̀fọ́ tó máa tó èèyàn mẹ́rin, ẹ lọ tàtàsé 4, rodo 3 àti àlùbọ́sà kan, kẹ́ ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ gbé epo pupa kaná, ẹ da àlùbọ́sà gígé sí i, kí ṣíbí ìjẹun 3 irú wọ inú epo náà kí ata tó wọ̀ ọ́, torí inú epo ni òórùn irú ti ń jáde. Ẹ din ata náà tó ìṣẹ́jú 15 sí 20, títí epo á fi léfòó, kẹ́ ẹ fi iyọ̀ àti olú sí i. Ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ tẹ́ ẹ ti bọ̀ tẹ́ ẹ sì fún gbẹ dáadáa ló máa gbẹ̀yìn. Làfún gba irú ọbẹ̀ yìí gan-an, ìrẹsì Ọ̀fadà náà gbà á.

Wàrà sóyà dára dípò ẹran. Ẹ rẹ sóyà ife 2 mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi omi ife 12 pò ó, kẹ́ ẹ fi aṣọ asẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Tó bá kọ́kọ́ hó, á ru gùdù bíi pé ó ti jiná. Kò tíì jiná. Ẹ dín iná kù, ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú 15 sí i, torí sóyà tútù ní ohun kan tí kì í jẹ́ kí inú da oúnjẹ dáadáa, ó sì máa ń run inú. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí omi orí ògì tó ti kan sí i díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti dì tí omi rẹ̀ sì mọ́, ẹ dúró. Tẹ́ ẹ bá dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà, á kan, á sì máa fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ gé e kẹ́ ẹ dín in.

Ara tó le kò ní rí ìṣòro láàárín ọjọ́ 46. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ máa jẹ ewéko nìkan lọ lẹ́yìn Àjíǹde, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa fítámì B12, torí kò sí nínú ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀wà. Aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n bi dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa jẹ ọsàn lẹ́yìn ẹ̀fọ́, ó ń jẹ́ kí ara rí èròjà irin (iron) inú ẹ̀fọ́ náà lò. Tíì máa ń dín in kù, nítorí náà ẹ jẹ́ kó jìnnà sí àsìkò oúnjẹ.

Àánú kì í tán sórí àwo. Lẹ́ǹtì máa ń bọ́ sígbà ooru. Ewúrẹ́ tẹ́ ẹ so mẹ́yìnkùlé nílò ibòji àti omi tútù láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹni tó bá sì máa padà sídìí ẹran lọ́jọ́ Àjíǹde, kó má so adìẹ lẹ́sẹ̀ kọ́rí sísàlẹ̀ sára ọ̀kadà láti ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá délé. Adìẹ ò ní iṣan tó la àyà àti ikùn láàárín bíi tèèyàn. Tó bá dorí kodò, ìfun rẹ̀ ló máa ń tẹ ibi tó ti ń mí, òmíì á ti kú kí wọ́n tó délé. Agbọ̀n tó ní ihò ni kẹ́ ẹ fi gbé e, kó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, kẹ́ ẹ sì bu omi fún un tẹ́ ẹ bá délé.