Ajá mi bímọ mẹ́fà, kí ni kí n máa fún un jẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá mi bímọ mẹ́fà ní Sátidé, láfún àná àti egungun adìyẹ la máa ń fún un tẹ́lẹ̀, màmá mi wá ní ká máa fún àwọn ọmọ ní mílíìkì inú agolo. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Alájá, Ọbantoko, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ bá mi bẹ màmá, kí wọ́n fi mílíìkì yẹn mu tíì, ìgbẹ́ gbuuru ló máa fún àwọn ọmọ yẹn, ọmú ìyá wọn ti tó wọn fún ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́. Ìyá gan-an lẹ máa bọ́. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, oúnjẹ ẹ̀ lè di ìlọ́po 2 tàbí 3 ti tẹ́lẹ̀, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́, láfún nìkan ò sì lè gbé e (mo mọ̀ pé àwa Ẹ̀gbá ò lè fi ṣeré), ẹran, ẹyin bíbọ̀, ẹja tẹ́ ẹ ti yọ egungun ẹ̀, kó má sí àlùbọ́sà níbẹ̀ o. Egungun adìyẹ ńkọ́? Ẹ jù ú nù, ó lè gún un nífun. Omi ò gbọdọ̀ tán níwájú ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún òtútù, àwọn ọmọ ò lè mú ara wọn gbóná dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ 2, ẹ tẹ́ páálí àti aṣọ gbígbẹ fún wọn. Oògùn aràn àwọn ọmọ náà, láti ọ̀sẹ̀ 2.

Tí ìyá bá wá ń gbọ̀n, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ń le gan, ó lè jẹ́ pé kálísíọ́ọ̀mù (èròjà tó ń mú egungun le) ló lọ sílẹ̀ lára ẹ̀, ẹ má dúró dàárọ̀, ẹ gba àwọn ọmọ lọ́mú ẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ọsibítù ẹranko FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta) wà l'Álábàtà.