Ìbéèrè àti ìdáhùn: "Mọ́tò mi ń gun òkè ilé wa, kí ló dé tí dẹ́rẹ́bà tó ń gbé ẹrù wá ò fẹ́ gùn ún?"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilé wa wà lóko, ọ̀nà tó ti títì wọ ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan, òkè ni, ó sì ní kọ́nà méjì. Àwọn tó ń gbé ẹrù wá ò wọlé mọ́, ẹ̀gbẹ́ géètì ni wọ́n ń já a sí, òjò á sì pa á. Jíìpù mi ń gun òkè yẹn lójoojúmọ́, ìyàwó mi ń fi mọ́tò kékeré gùn ún náà. Ṣé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń dà wọ́n láàmú báyìí? Báwo ni mo ṣe lè fi dandan mú wọn wọlé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o, mo mọ̀ pé ó ń dunni kéèyàn bá ẹrù tó fowó rà nínú omi. Ṣùgbọ́n irú ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi ṣáá, ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ sì ń já sí: mọ́tò tèmi ń gùn ún, tiwọn náà gbọ́dọ̀ lè gùn ún. Ẹ jẹ́ ká tú ìyẹn palẹ̀ ná, torí iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn dẹ́rẹ́bà akẹ́rù bí wọ́n ṣe ń rìn lójú ọ̀nà tí ò dáa, inú sì máa ń bí mi tí wọ́n bá ń pe ẹni tó lo làákàyè ní ọ̀lẹ.

Pé mọ́tò yín ń gun òkè yẹn ò sọ nǹkankan fún wa nípa mọ́tò akẹ́rù. Mọ́tò kékeré tí ìyàwó yín ń wà, ìwọ̀n ẹ̀ lè wà láàárín tọ́ọ̀nù 1 sí 1.5. Bọ́ọ̀sì akẹ́rù tó ń wá sọ́dọ̀ yín, tí wọ́n bá di ẹrù kún un tán, ó lè tó tọ́ọ̀nù 3.5, ó ga, ó gùn, táyà iwájú jìnnà sí táyà ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá dojú kọ òkè, ìwúwo ẹ̀ á fì sẹ́yìn, ẹrù tó wà lẹ́yìn á tún dá kún un, iwájú á wá fúyẹ́, táyà tó yẹ kó fa mọ́tò gòkè á kàn máa yí lójú kan lórí òkúta wẹ́wẹ́. Èyí tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń yí táyà ẹ̀yìn náà ní ìṣòro tiẹ̀, torí tí dẹ́rẹ́bà bá ti já èyí tó pọ̀ nínú ẹrù ẹ̀, ẹ̀yìn á fúyẹ́, táyà á máa yọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnìkan fi lè gun òkè yín láàárọ̀ kó má lè gùn ún nírọ̀lẹ́, mọ́tò kan náà, ọ̀nà kan náà, ẹ̀yin á wá rò pé ńṣe ló kàn ń ṣe bó ṣe wù ú.

Ẹ tún wo kọ́nà méjì yẹn. Táyà ẹ̀yìn kì í tọ ipa táyà iwájú tí mọ́tò bá ń yí, inú kọ́nà ló máa ń gé gbà, bí mọ́tò bá sì ṣe gùn tó ló ṣe máa gé e tó. Inú kọ́nà yẹn náà lọ̀pọ̀ èèyàn gbẹ́ gọ́tà sí. Tí ẹ bá rí dẹ́rẹ́bà tó dúró sí kọ́nà, tó sọ̀ kalẹ̀, tó ń fi gìgísẹ̀ tẹ etí ọ̀nà wò, ẹ má bínú sí i, ó ń wò ó bóyá abẹ́ koríko yẹn le ni o, torí koríko máa ń bo ilẹ̀ tó rọ̀, táyà á kàn yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ kan á rì, gbogbo ẹrù inú bọ́ọ̀sì á sì wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn kan náà. Ó ti tán nìyẹn, àfi kí wọ́n wá fà á.

Àwọn kan á ní kí ilé iṣẹ́ lọ ra fọ́ wílì, ìyẹn mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dáa, fọ́ wílì ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti lọ, kì í ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Mọ́tò yòówù tí ẹ bá wà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni bírékì ń mú, fọ́ wílì ò fi ìkankan kún un. Èmi ò sì fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù gígun òkè, sísọ̀ ẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù. Tí mọ́tò tó wúwo bá ń bọ̀ nísàlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, tí dẹ́rẹ́bà wá tẹ bírékì, ó dà bí ìgbà téèyàn tẹ hóró àgbàdo gbígbẹ lórí sìmẹ́ǹtì, òkúta yẹn ló ń yí lábẹ́ táyà. ABS náà, ìyẹn ẹ̀rọ inú bírékì tí kì í jẹ́ kí táyà dúró gbagidi láìyí mọ́ tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ bírékì, lè mú kí mọ́tò pẹ́ kó tó dúró lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ká fi jíà kékeré sọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ la máa ń sọ fún wọn, ìyẹn náà sì níbi tágbára ẹ̀ mọ.

Ẹ̀yin mọ ọ̀nà yín, ẹ mọ̀ ọ́n lóru, ẹ mọ kòtò tó yẹ kẹ́ ẹ yà fún. Ẹni tó ń gbé ẹrù bọ̀, ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn, ilẹ̀ ti ń ṣú, fóònù ń sọ fún un pé kó yà sọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ àárín igbó ni àmì ilé yín wà lórí máàpù. Kí ẹ bá mi yẹ ìyẹn wò lónìí, kí ẹ gbé àmì yẹn sí géètì gan-an.

Nǹkan tó kù tí mo fẹ́ sọ lórí ẹ̀ ni rìfáàsì, kéèyàn máa fẹ̀yìn wa mọ́tò. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì akẹ́rù ni ò ní gíláàsì lẹ́yìn, dígí ẹ̀gbẹ́ nìkan ni dẹ́rẹ́bà ń wò, ọmọdé tó bá wà lẹ́yìn mọ́tò gan-an ò lè hàn nínú ẹ̀. Tí kò bá síbi tí wọ́n ti lè yí mọ́tò lókè lọ́dọ̀ yín, ohun tí ẹ ń sọ ni pé kó fi rìfáàsì sọ òkè kìlómítà kan pẹ̀lú kọ́nà méjì. Mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ pé tí wọn ò bá mọ ibi tí wọ́n ti máa yí, kí wọ́n má wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ torí pé oníbàárà pariwo, èmi ni mo máa kọ́kọ́ bá a wí.

Torí náà ẹ ò lè fi dandan mú wọn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló fún dẹ́rẹ́bà láṣẹ láti padà tí ọ̀nà bá léwu, bẹ́ẹ̀ àwọn míì nínú wọn, mọ́tò tara wọn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, tó bá há, àpò wọn ni owó fífà á ti máa jáde. Ta ló máa sanwó tí mọ́tò bá bàjẹ́ lórí ilẹ̀ yín, tàbí tí dẹ́rẹ́bà bá ṣèṣe? Òfin ò rí bákan náà níbi gbogbo, ẹ bi lọ́yà tàbí iléeṣẹ́ ìbánigbófò yín, mi ò lè dá ẹjọ́ yẹn níbí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kí ẹ ṣe àpótí ẹrù sí ẹ̀bá géètì. Kì í ṣe páànù kan tẹ́ ẹ kàn gbé kọ́ o. Àpótí tó fẹ̀ tó ẹrù tẹ́ ẹ sábà máa ń rà, òrùlé ẹ̀ yọ síwájú kí òjò má baà gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, ó wà lórí ẹsẹ̀ kí omi ilẹ̀ má baà dé ìdí ẹ̀, ó sì ní kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà tẹ́ ẹ lè fún dẹ́rẹ́bà. Ẹ gbé e síbi tí bọ́ọ̀sì ti lè kúrò lójú títì pátápátá kó tó dúró, ẹ má gbé e sí kọ́nà títì. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé gàdàgbà, kó máa tàn tí iná mọ́tò bá bà á, kó hàn látọ̀tún àtòsì. Nínú àlàyé tẹ́ ẹ máa ń kọ fún ilé iṣẹ́, ẹ má kọ ìtàn, gbólóhùn méjì ti tó: "Àpótí wà lọ́wọ́ ọ̀tún géètì. Ẹ má wọlé, mọ́tò ńlá ò ríbi yí." Ajá, ẹ dè é.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ kí wọ́n máa dé òkè, ọ̀nà lẹ máa tún ṣe. Ẹ fi ibi tí mọ́tò ti lè yí sílẹ̀ lókè, kí ẹ̀ka igi tó rọ̀ sójú ọ̀nà ga tó mítà 4 ó kéré tán, kí àárín ọ̀nà ga ju etí lọ kí omi lè máa ṣàn sí gọ́tà. Òkúta tí wọ́n fọ́, tó ní igun, ni kẹ́ ẹ dà sí i kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí ó máa ń di ara wọn mú, òkúta odò tó rí róbótó á máa yí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan ti ń sọ kiri pé kí wọ́n máa da ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú sójú ọ̀nà kí eruku má baà sọ, ẹ má dán an wò, ó ń yọ̀, ó sì ń wọ inú ilẹ̀ lọ bá omi kànga. Ẹ̀yin tí odò gba ojú ọ̀nà yín kọjá, omi tó ń ṣàn tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé mọ́tò kékeré, sẹ̀ǹtímítà 60 lè gbé jíìpù lọ, ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni gba inú ẹ̀ torí páálí. Tó bá jẹ́ afárá kékeré lẹ ní, ẹ pe ẹ́ńjíníà kó wá sọ ìwúwo tó lè gbà, mi ò tíì rí ọ̀nà yín, mi ò lè fojú inú wọ̀n ọ́n. Àtúnṣe yìí ò sì jẹ́ torí ẹrù nìkan: áńbúláǹsì àti mọ́tò panápaná wúwo, wọ́n sì ga, ibi tí bọ́ọ̀sì akẹ́rù ò bá lè dé, ó ṣeé ṣe kí àwọn náà má lè dé e.

Èyí tó tóbi, bíi fíríìjì tàbí bẹ́ẹ̀dì, àpótí ò lè gbà á. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ pè wọ́n, ẹ sọ bí ọ̀nà ṣe rí gan-an láìbò ó, ẹ fi fọ́tò kọ́nà méjèèjì ránṣẹ́. Tí wọ́n bá ní géètì làwọn máa já a sí, ẹ fi jíìpù yín pàdé wọn níbẹ̀, kí ẹ mú ẹni méjì tó lè gbé nǹkan dání, kẹ́ ẹ sì tú u wò lójú dẹ́rẹ́bà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, torí lẹ́yìn tí mọ́tò tiyín bá ti gbé e gun òkè yẹn, ó máa nira láti fi hàn pé ibòmíì ló ti fọ́.