Bí ọ̀dọ́ ṣe lè gba ìtọ́jú ọpọlọ láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ṣáájú rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 19 ni mí, mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì kan n'Ìbàdàn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí oorun ti dá lójú mi, oúnjẹ kì í wù mí jẹ, mo sì máa ń sunkún láìnídìí. Mo fẹ́ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀, àmọ́ bí màmá mi bá gbọ́ pé mo dé ilé ìwòsàn ọpọlọ, orí òkè ló máa gbé mi lọ, gbogbo ìjọ á sì mọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, náà ti ń sọ pé ayé sú òun. Ṣé ibì kan wà tí wọn ò ti ní pe òbí wa?

Ìdáhùn: Ó wà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tìrẹ àti ti àbúrò rẹ kì í ṣe ọ̀kan náà lójú òfin, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí tìrẹ. Kó o tó gbé ẹsẹ̀, mọ èyí: dókítà kọ́ ló sábà máa ń tú àṣírí ọ̀dọ́ tó wá gba ìtọ́jú. Fóònù ni. Álẹ́ẹ̀tì báńkì ni. Orúkọ tó kọ síbi tí wọ́n ti béèrè next of kin, ìyẹn ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ni.

Ìwọ ti kọjá 18, àgbàlagbà ni ọ́. Abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ àìsàn èèyàn, ìtọ́jú tó gbà, àti pé ó tiẹ̀ dúró nílé ìwòsàn náà rárá. Wọn ò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta àfi tó o bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tàbí tí ilé ẹjọ́ tàbí òfin mìíràn bá pàṣẹ, tàbí tí pípa á mọ́ bá lè kó ewu ńlá bá ìlera ará ìlú. Pé màmá rẹ ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ kò sọ fáìlì rẹ di tiẹ̀. Bó bá pe nọ́ọ̀sì pé "ṣé ọmọ mi wá síbẹ̀?", ìdáhùn tó tọ́ ni pé àwọn ò lè sọ bóyá ó wá tàbí kò wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tí ẹ̀mí rẹ tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu. Nígbà yẹn, ẹni tó ń tọ́jú rẹ á pe ẹnì kan. Kì í ṣe pé ó dalẹ̀ rẹ, ṣùgbọ́n ó yẹ kó o mọ̀ ṣáájú. Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó o tó tú ọkàn rẹ sílẹ̀, bi í léèrè: Kí lẹ ò ní lè pa mọ́ fún mi? Bí ẹ̀rù bá bà yín nítorí ẹ̀mí mi, ta lẹ máa kọ́kọ́ pè? Ta ló tún ń rí fáìlì yìí? Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ní "ṣáà máa sọ tẹnu ẹ", wá ẹlòmíràn.

Ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ yín ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Jaja ni gbogbo wọn ń pè é. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, owó ìlera ti wà lára owó tẹ́ ẹ san nígbà ìforúkọsílẹ̀, lábẹ́ TISHIP, ètò ìlera àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Wo rìsíìtì rẹ dáadáa. Níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, o ò ní láti ṣàlàyé ayé rẹ létí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ. "Mi ò rí oorun sùn, mo fẹ́ rí dókítà" ti tó, òótọ́ sì ni. Tí ilẹ̀kùn bá ti padé ni kó o sọ ìyókù. Dókítà lè ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn thyroid lè mú kó rẹni, kí gbogbo nǹkan sì súni báyìí. Bó bá rí i pé ó ju ohun tí wọ́n lè ṣe níbẹ̀ lọ, á kọ ìwé fún ọ láti lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn.

Ẹ̀ka counselling ilé ẹ̀kọ́ náà wúlò, ṣùgbọ́n ní àwọn ibì kan, olùkọ́ ló tún ń jókòó síbẹ̀. Bí ẹni náà bá ń kọ́ ọ ní kọ́ọ̀sì, ní kí wọ́n fún ọ ní ẹlòmíràn.

Kí ló dé tá a fi dárúkọ UCH ṣáájú Arò? Arò mọ iṣẹ́. Láti 1954 ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Àmọ́ ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni géètì Arò ní lójú ẹni tó bá rí ọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Yábà l'Ékòó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907, tí àwọn ọmọ ìgboro wá sọ di "Yaba Left". Ní géètì UCH, ta ló mọ̀ bóyá eyín ló ń dùn ọ́? LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà àti ilé ìwòsàn Yunifásítì n'Ífẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀ka ọpọlọ wà láàárín ẹ̀ka mìíràn. Ẹni tó bá wá jẹ́ pé Arò ló sún mọ́ ọn jù, kó lọ síbẹ̀, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tó o bá kọ́kọ́ lọ, tètè jí, má sì fi ohun mìíràn sí ọjọ́ náà, torí dókítà kékeré lè lo nǹkan bíi wákàtí kan lórí ìbéèrè nìkan kó o tó rí ọ̀gá. Mú ìwé ìdánimọ̀ àti ìwé tí wọ́n kọ fún ọ dání. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí tó ò ń sùn, aago tó o máa ń jí, bó o ṣe ń jẹun, oògùn tàbí ohun mìíràn tó ò ń lò, àti bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti ní irú rẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ igbó tàbí tramadol, sọ ọ́. Dókítà kì í ṣe ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló máa ń dé iwájú dókítà tán, tí ẹnu wọn á wúwo, tí wọ́n á ní "kò sí nǹkan púpọ̀". Ìwé yẹn ló máa sọ ọ́ fún ọ.

Wọ́n á béèrè next of kin. Kì í ṣe òbí nìkan ló lè wà níbẹ̀. Kọ orúkọ àgbàlagbà kan tó o fọkàn tán, àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n, kó o sì ti sọ fún un ṣáájú. Má kọ nọ́ńbà irọ́ o: lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa pè. Nọ́ńbà tìrẹ ni kó o fún wọn fún ọjọ́ tí wọ́n bá dá pé kó o padà wá, kó o sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé wọn ò gbọdọ̀ pe ilé láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ.

Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń tú àṣírí jù. Remita tàbí POS ni ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń gba owó sí, orúkọ ilé ìwòsàn sì lè jáde nínú álẹ́ẹ̀tì. Bí ATM bàbá rẹ lò ń lò, tàbí tó jẹ́ pé wọ́n ṣí àkáǹtì fún ọ nígbà tó o wà ní sẹ́kọ́ndìrì, tí álẹ́ẹ̀tì ṣì ń lọ sórí fóònù màmá rẹ, ọ̀rọ̀ ti dé ilé kó o tó kúrò ní ọgbà UCH. Lọ yí nọ́ńbà náà padà ní báńkì ṣáájú. Ti káàdì ìlera ńkọ́? Èyí tí ìjọba ń ṣe fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń bo òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé 18. Ìwọ ti jáde níbẹ̀. Bó bá jẹ́ HMO (àwọn tó ń bójú tó owó ìtọ́jú) ti ilé iṣẹ́ aládàáni, ẹni tó ni káàdì lè rí àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n sanwó fún. Pe HMO náà kó o tó lò ó, kó o béèrè ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín.

Bí wọ́n bá kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì fún ọ, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kó tó ràn ọ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ èébì tàbí orí fífọ́ lè ti dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú nù. Má dá a dúró fúnra rẹ. Padà lọ sọ fún dókítà.

Bí ẹsẹ̀ rẹ ò bá tíì fẹ́ gbé e, o lè kọ́kọ́ pe àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn lórí fóònù. MANI, ẹgbẹ́ ìlera ọpọlọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2016, àti SURPIN, ètò ìdènà ìpara-ẹni tó wà ní LUTH, ń ṣe bẹ́ẹ̀, o sì lè má sọ orúkọ rẹ gan-an. Ojú ìwé wọn ni kó o ti mú nọ́ńbà, kì í ṣe èyí tó ń kiri lórí WhatsApp, torí òmíràn ti kú tipẹ́. Lẹ́yìn náà, yẹ fóònù rẹ wò. Wo "linked devices" nínú WhatsApp rẹ bóyá ó ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé. Pa àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń yọ lójú fóònù tó wà ní títì. Pa ìpè náà rẹ́ bí fóònù bá jẹ́ ti ẹni méjì.

Ẹni tó bá sì pe ara rẹ̀ ní therapist lórí Instagram, bi í níbi tó ti kọ́ṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ sí. Bó bá ní dókítà ni òun, ìwé àṣẹ ọdọọdún láti ọ̀dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà láṣẹ iṣẹ́, ló yẹ kó ní, 31 December ni ó sì máa ń parí. Ti pásítọ̀, ó lè bá ọ gbàdúrà, àmọ́ Abala 26 kò dè é, ẹ sì mọ bí àdúrà ìkọ̀kọ̀ ṣe ń di ẹ̀rí lórí pẹpẹ.

Bó o bá nílò ìwé láti fi tọrọ àyè nígbà ìdánwò, ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ ni kó bá ọ kọ ọ́ sí ẹ̀ka rẹ. Ọjọ́ tí ara rẹ ò yá ló yẹ kí ìwé náà sọ, kì í ṣe orúkọ àìsàn. Bó o bá mú ìwé tí orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ wà lókè rẹ̀ lọ fúnra rẹ, akọ̀wé ẹ̀ka á ti kà á kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá.

Ó wá ku àbúrò rẹ. Ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé 18 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003, Abala 26 yẹn kan náà sì jẹ́ kí òbí tàbí alágbàtọ́ béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. A ò ní tàn yín: ó lè dá pe MANI, ó lè dá lọ bá olùgbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àmọ́ bó bá di ti oògùn, àgbàlagbà kan ní láti fọwọ́ sí i. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni pé kẹ́ ẹ bẹ dókítà kó dá rí i fúngbà díẹ̀, kí wọ́n sì fẹnu kò lójú òbí ohun tí wọ́n máa sọ fún un: orúkọ àìsàn, oògùn àti ewu. Ohun tó bá dókítà sọ lábẹ́lẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà ọmọdé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. UCH ń rí àwọn ọmọ tó tó báyìí. Yábà ní ibi tiwọn l'Óṣòdì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ fún màmá yín, "kì í sùn, dókítà ní kí àgbàlagbà bá a wá" ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó bá gbọ́ àìsùn á wá aṣọ wọ̀. Èyí tó bá gbọ́ ọpọlọ lè wá òróró.

Àmọ́ o ní ó ń sọ pé ayé sú òun. Lónìí, bi í tààràtà bóyá ó ń ronú àtipa ara rẹ̀. Bíbi í léèrè kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má fi òun nìkan sílẹ̀, gbé oògùn àti oògùn ẹ̀fọn kúrò nítòsí, kó o pe 112 (l'Ékòó, 767 náà ń ṣiṣẹ́), tàbí kó o gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín jù. Kò pọn dandan kó jẹ́ ti ọpọlọ. Bó bá bẹ̀ ọ́ pé kó o má sọ, má ṣèlérí. Pe màmá yín lálẹ́ ọjọ́ náà. Àbúrò rẹ lè bínú sí ọ fún oṣù kan. Jẹ́ kó bínú.