Fíìmù nípa oòrùn àti pílánẹ́ẹ̀tì: ẹ wá èyí tí ọmọ lè jáde lọ fi ojú ara rẹ̀ wò

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín tó wà ní JSS 3 ní Ifẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ sinmi lórí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ àti pílánẹ́ẹ̀tì, pé dátà sì ti wọ́n, ẹ kò mọ fíìmù tó yẹ kí ẹ náwó lé lórí. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Iléṣà. Ọjọ́ Ẹtì, tí ilé-ìwé bá ti parí, a máa ń wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Owó mi ti ṣòfò lórí èyí tí kò dáa, mi ò fẹ́ kí tiyín náà ṣòfò.

Cosmos tí Carl Sagan, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1980 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Apá 13 ni, àwòrán rẹ̀ kò dán bíi ti òde òní, ṣùgbọ́n apá kìíní nìkan ti tó iye dátà tí ẹ máa ná. Níbẹ̀ ló ti sọ ìtàn Eratosthenes, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì kan tó gbé ní Alexandria nílẹ̀ Íjíbítì ní ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn. Ọkùnrin yìí gbọ́ pé ní Syene, lápá gúúsù, ọjọ́ kan wà lọ́dún tí igi tó nàró kì í ní òjìji lọ́sàn-án gangan. Ní Alexandria, lọ́jọ́ kan náà, òjìji wà. Bí ayé bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Sagan mú páálí kan tí nǹkan kékeré méjì nàró lórí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, àwọn ọmọ ti lóye kí n tó la ẹnu. Igun tí òjìji ti Alexandria fi hàn tó dígírì 7, ìyẹn bí ìdá kan nínú 50 òbìrípo. Ìlú méjèèjì jìnnà síra tó 800 kìlómítà. Ẹ fi 50 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 40,000 kìlómítà, ibẹ̀ náà sì ni àyíká ayé yìí wà.

Àwọn ọmọ ní kí àwa náà ri igi mọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń gba àtàrí wa kọjá gan-an: nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. A ri igi tó ga ní mítà kan sẹ́yìn kíláàsì, a so òkúta mọ́ okùn láti fi wò ó pé ó nàró ṣánṣán. Aago méjìlá lù. Òjìji ṣì wà nílẹ̀, ó tó sẹ̀ǹtímítà 18. Ọmọ kan wo ojú mi, ó ní, "Tíṣà, ọkùnrin yẹn parọ́." Ọkàn mi bàjẹ́. A ti ń palẹ̀ mọ́ ni ọmọbìnrin tó jókòó ti igi náà pariwo pé òjìji ń sá wọlé. Gbogbo wa sáré padà. Ó ń kúrú, ó ń kúrú, nígbà tí aago méjìlá fi máa kọjá ìṣẹ́jú 42, ìdí igi ló kó sí. Aago Nàìjíríà ló fà á: oòrùn àwọn tó wà lápá ìlà-oòrùn wa ló bá mu, kò bá tiwa mu. N kò ronú kàn án rí títí di ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, fíìmù tí ọmọ bá lè wò tán kó jáde lọ dán an wò ni mo máa ń wá.

Èyí tí mo kábàámọ̀ rẹ̀ nìyí. Mo sanwó fún ọmọkùnrin kan tó ń kó fíìmù sórí fíláàṣì, ó fún mi ní ọ̀kan tó ní pílánẹ́ẹ̀tì kan fara pamọ́, ó ń bọ̀ wá kọlu ayé. Àwòrán rẹ̀ dára, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rinlẹ̀. N kò kọ́kọ́ wò ó kí n tó gbé e síwájú wọn, ẹ̀bi mi nìyẹn. Ọmọ kan kò sùn fún òru mẹ́ta, ìyá rẹ̀ wá bá mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn. Kò sí irú pílánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ìparí fíìmù ni mo máa ń kọ́kọ́ sáré lọ: ta ló sọ̀rọ̀, níbo ló ti ń ṣiṣẹ́, ọdún wo ni wọ́n ṣe é? Èyí tí kò bá ti sọ, mo pa á rẹ́.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọdún yẹn ṣeré. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 2006 á ka Pluto mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á di mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ ni báyìí, wọ́n ti yọ Pluto kúrò. Ẹ tètè sọ fún un, kó má lọ kọ mẹ́sàn-án sínú ìdánwò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá The Planets ti BBC, ti 2019, tí Brian Cox, onímọ̀ físíìsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe. Ẹ fara balẹ̀ níbi tó ti sọ̀rọ̀ Venus, nítorí òun ni Àgùàlà wa, tó ń bá oṣù rìn tí wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ilẹ̀ rẹ̀ gbóná ju 460 dígírì Celsius lọ, òjé á yọ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ Venera 13 tí ìjọba Soviet rán lọ balẹ̀ síbẹ̀ ní 1982, ìṣẹ́jú 127 ló lò kó tó dákẹ́. Lọ́jọ́ tí a wò ó, ilẹ̀ ti ṣú kí a tó parí, iná sì ti lọ, gbogbo Òkèṣà dúdú bí èédú. A jáde. Àgùàlà wà lókè lọ́nà Ifẹ̀, ó ń tàn yòò, kò sí ọmọ tó sọ̀rọ̀.

The Farthest, ti 2017, dá lórí ọkọ̀ Voyager méjèèjì tí wọ́n rán lọ sí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà ní 1977. Àwo kan wà lára wọn tí wọ́n gba ìkíni ní èdè 55 sí. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Ó dun àwọn ọmọ púpọ̀, wọ́n kọ tiwọn sílẹ̀. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, "Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ilé ń kí yín." Mo ṣì tọ́jú ìwé náà.

Ẹ má wò wọ́n ní HD, 480 ti tó lórí fóònù. Bó bá sì di ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, ẹ ri igi yín mọ́lẹ̀ ní Ifẹ̀ ní aago méjìlá ààbọ̀, kí ẹ dúró tì í. Ẹ má ṣe tètè palẹ̀ mọ́ bíi tiwa.