Aràn inú ẹja: oṣù tẹ́ ẹ rí i kọ́ ló wọlé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní láti oṣù kìíní lẹ ti ń rí nǹkan yẹ́lò lára epìyà yín ní Àgbóyì, pé nígbà òjò kò sí nǹkan tó jọ ọ́, ṣé kẹ́ ẹ máa lo oògùn aràn lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra oògùn kankan. Apá Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú ni pọ́ńdù tèmi wà, odò Ògùn kan náà ló ń bá gbogbo wa fà á, èmi fúnra mi ni mo sì máa ń la ẹja fáwọn oníbàárà mi, òjò tẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà mo mọ ohun tó ń jáde nínú ẹja lásìkò kọ̀ọ̀kan.

Oṣù tẹ́ ẹ rí aràn kọ́ ló wọlé.

Nǹkan yẹ́lò yẹn, tó bá jẹ́ èyí tó máa ń wà lábẹ́ awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹbẹ tàbí níbi pupa tẹ́ja fi ń mí, tó tó hóró ìrẹsì, tẹ́ ẹ bá fi èékánná tú u tí aràn pẹlẹbẹ kan á jáde tí á máa rìn díẹ̀díẹ̀, Clinostomum ni. Àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń pẹja jẹ ló ń gbé e kiri, ọ̀nà ọ̀fun wọn ni àgbà aràn ń gbé, tí wọ́n bá ti ki ẹnu bọ omi ẹyin ẹ̀ á bọ́ síbẹ̀, á pa, ọmọ ẹ̀ á wá ìgbín omi lọ, kì í ṣe ìṣáwùrú tá à ń sè jẹ o, àwọn kékeré bíi Bulinus tí wọ́n tún máa ń gbé àtọ̀sí ajá, inú ìgbín yẹn ló ti ń pọ̀ sí i kó tó jáde wá dá ara ẹja lu wọlé. Láìsí ìgbín, kò lè débẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Tí wọ́n bá ṣí omi dáàmù Òyán, tó ń ṣàn wọ odò Ògùn, ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, tí omi bo Owódé Onírin, Mile 12 títí dọ́dọ̀ yín, ìgbín àti koríko ló ń kó wọ pọ́ńdù. Oṣù kọkànlá omi á dúró jẹ́ẹ́, koríko á hù létí ẹ̀, ìgbín á máa yé. Tí ọyẹ́ bá dé, omi á fà, ẹja, ìgbín àti ẹyẹ á wá há sójú kan. Ìgbà yẹn lẹja kó o, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tóbi tójú á rí i.

Ti àrọ̀ yàtọ̀. Aràn pupa tín-ín-rín tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn ẹ̀, Procamallanus, kò bá ìgbín ṣe rárá, copepod ló ń gbé e, ìran kòkòrò omi tó ń kó sòbìyà ran àwọn bàbá wa kí wọ́n tó kéde ní 2013 pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Lọ́dọ̀ tèmi, lẹ́yìn ìkún omi nìyẹn máa ń pọ̀, pàápàá lára àwọn ọmọ àrọ̀ tó ṣì ń jẹ kòkòrò omi. Irú aràn mìíràn tún wà tó ń mú ibi tẹ́ja fi ń mí, láti ara ẹja sí ara ẹja nìyẹn ní tiẹ̀, ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá kó wọn há jù nínú omi ìdọ̀tí ló ń dé.

Ìdí nìyẹn tí oògùn oṣù mẹ́ta mẹ́ta fi ń dùn mí. Praziquantel, oògùn aràn pẹlẹbẹ, ò ran aràn pupa yẹn, èyí tó sì ti wọnú ẹran ara lọ bora, kò sí oògùn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ẹ kó ẹja àgbà tà kí ìkún omi tó dé. Tó bá lọ tán, ẹ fa pọ́ńdù gbẹ, ẹ tu koríko etí ẹ̀, ẹ má kàn jẹ́ kí oòrùn sá a nìkan o, Bulinus lè sùn sínú ẹrẹ̀ gbígbẹ títí òjò á fi rọ̀, ẹ ro ẹrẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ da láìmù (ẹ̀tù funfun tí wọ́n ń dà sí pọ́ńdù, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́) sí i, ẹ wá fa omi kànga dẹ̀rọ sí i, kẹ́ ẹ na àwọ̀n bo òkè nítorí ẹyẹ.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, tẹ́ ẹ bá sè é jinná dáadáa aràn yẹn á kú, ojú oníbàárà ni kò ní gbà á.

Lọ́la, ẹ la epìyà ńlá àti kékeré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá jẹ́ àwọn ńlá nìkan ló ní in, ó ti pẹ́ lára wọn. Tí àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí i náà bá ti ní in, ìgbín wà nínú omi yẹn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ lọ wo abẹ́ ewé àti igi tó wà létí omi.