Ikú ìgárá inú ìtàn mi ò dun ẹnikẹ́ni: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú wa. Ìtàn àwọn ìgárá ilẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ ni mò ń kọ. Àwọn tó ti kà á ní ìbọn ń dún níbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ ohun tó mú kí wọ́n máa para wọn, ikú ọ̀gá ìgárá mi ò sì dun ẹnikẹ́ni. Báwo ni kí n ṣe tún un ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ ìtàn irú èyí tó ń dé ọwọ́ mi ló ní àléébù kan náà: ìgárá ti burú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìjà ìlú Lincoln, ní New Mexico yẹn kan náà, níbi tí òkìkí Billy the Kid, ìgárá ọ̀dọ́ kan, ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ló dá ìjà náà sílẹ̀.

Ilé ìtajà Murphy àti Dolan ló ń dá ọjà ìlú náà jẹ. Àwọn ló ń ta ẹran màlúù fún àwọn sójà Fort Stanton, ọwọ́ wọn sì làwọn àgbẹ̀ ti ń ra ọjà àwìn. Ni John Tunstall, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì pé ọdún 25, bá dé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ lọ́yà Alexander McSween. Lọ́wọ́ McSween yìí ni owó adójútòfò olóògbé kan, $10,000, há sí. Dolan ti àwọn mọ̀lẹ́bí olóògbé lẹ́yìn, wọ́n pẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá lọ́yà náà. Ṣẹ́ríìfù (olórí agbófinró àdúgbò) Brady, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Dolan, fi ìwé yẹn nawọ́ dé ẹran ọ̀sìn Tunstall. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1878, àwọn tí wọ́n rán lọ kó ẹran bá Tunstall lọ́nà, wọ́n sì yìnbọn pa á.

Billy wà lára àwọn òṣìṣẹ́ Tunstall. Ta ni kí wọ́n fẹjọ́ sùn? Ṣẹ́ríìfù tí wọn ìbá lọ bá gan-an ló rán àwọn apànìyàn náà. Ibí ni kẹ́ ẹ dúró sí pẹ́, torí ibẹ̀ ni adùn àti ìrora irú ìtàn yìí wà. Adájọ́ kékeré kan nínú ìlú fún àwọn òṣìṣẹ́ Tunstall ní ìwé àṣẹ láti mú àwọn tó pa ọ̀gá wọn. Ẹgbẹ́ méjèèjì wá ní ìwé òfin lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gómìnà fagi lé ipò adájọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó gbà pé agbófinró làwọn ṣe di arúfin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, wọ́n pa Brady ní gbangba títì. Òǹkàwé tó bá bá wọn rìn débẹ̀ á mọ̀ pé ìpànìyàn ni, àánú wọn á sì tún ṣe é.

Ẹ má sọ Dolan di ìkà lásán o. Gbèsè ti wọ òun náà lọ́rùn. Nínú oṣù Kìíní ọdún yẹn ó ti fi ilé ìtajà náà dógò. Ẹ jẹ́ ká rí alẹ́ tó ń ṣírò gbèsè, tí ṣọ́ọ̀bù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ń tà nísàlẹ̀ títì.

Ní ti ikú tí kò dun ẹnikẹ́ni, ohun tí ọ̀gá ìgárá yín ò lè fi sílẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Ní 1879, Gómìnà Lew Wallace ṣèlérí ìdáríjì fún Billy bó bá lè jẹ́rìí lórí ìpànìyàn mìíràn. Ó jẹ́rìí, ìdáríjì ò dé. Ní 1881 wọ́n dájọ́ ikú fún un nítorí Brady. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹrin, ó pa ẹ̀ṣọ́ méjì, ó sá lọ. Ọ̀nà Mẹ́síkò wà nílẹ̀, èdè Sípáníìṣì sì já geere lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀ Fort Sumner, ní New Mexico níbẹ̀, ló padà sí, níbi táwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ wà, tí gbogbo ojú ti mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni Pat Garrett, ṣẹ́ríìfù tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ti yìn ín níbọn nínú yàrá tó ṣókùnkùn lálẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Keje.

Ẹ wá ohun kan tí ìgárá yín ò lè kẹ̀yìn sí: ilé kan, èèyàn kan, tàbí ìlérí kan tó ṣì gbà gbọ́. Kí òǹkàwé rí i ní orí kejì, kó tún rí i láàárín ìwé, kó máa bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn pé kó má padà lọ. Ẹni tó máa pa á náà, ẹ jẹ́ kó ti bá a jẹun rí. Ìjà ìbọn tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ orí kìíní, ẹ yọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n wá gbẹ́sẹ̀ lé ẹran ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mú ìwé ilé ẹjọ́ wá jẹ́ ẹni tí ìgárá yín ń kí lójoojúmọ́.